Àkọ́rọ̀ tàbí òjò tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: ìgbà wo ni ká gbin àgbàdo ní Kétu?

Ẹni tó bá gbìn sínú àkọ́rọ̀ oṣù kẹta ló ń kọ́kọ́ ta àgbàdo tútù, owó gidi sì ni. Ṣùgbọ́n òjò ò ṣeé fọkàn tẹ̀ mọ́: irúgbìn á hù láàárín ọjọ́ 5 sí 7, ọ̀dá ọjọ́ 10 á tẹ̀ lé e, gbòǹgbò ò tíì jìn, ó rọ nìyẹn. Àtúngbìn ló kù.

Ẹni tó dúró di ìdajì oṣù kẹrin á pẹ́ dé ọjà, àmọ́ òun la fara mọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò: tí kò bá tutù dé sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ ní sùúrù. Kóró 2 sínú ihò kan, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Àgbàdo ọjọ́ 90 ń yọ irun ní nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 55. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀dá ò gbọdọ̀ bá a, torí irun tó gbẹ kò lè gba lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ láti ara òdòdó orí igi àgbàdo, ọmọ àgbàdo á wá ṣófo. Oṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀ dáadáa nìyẹn máa bọ́ sí.

Ti àkọ́rọ̀ ń gbó sínú òjò oṣù kẹfà kan náà. Ẹ tà á ní tútù. Tó bá dúró di gbígbẹ, á jẹrà lórí igi.