Àgbéyẹ̀wò: Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó bá ẹgbẹ́ wa to àdírẹ́sì ní Kàbà

“Kogi State Polytechnic, Ilorin.” Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà àdírẹ́sì tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ àpòòwé lẹ́tà wa nìyẹn, ó dúdú, ó ń dán. Mo kà á, mo tún un kà, mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún wọ̀ ọ́. Kò yí padà. Ọmọ Òkun wo, àwa Yorùbá Kogi, ni kò mọ̀ pé Lọ́kọ́ja ni Kogi Poly wà? Ẹni tí a fẹ́ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí, Kwara Poly ló ti ń kọ́ni, ọmọ Ìyàrà ni, kíláàsì kan náà la sì jọ jókòó sí. Bí lẹ́tà yẹn bá fi lè dé ọwọ́ rẹ̀, yóò máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọjọ́ alẹ́ wa.

N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Kàbà ló wà, ẹni tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ lè ti mọ ibi tí mò ń sọ. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tìtorí mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde wa fẹ́ ṣe àjọ̀dún ní oṣù Disẹ́ḿbà, èmi sì ni akọ̀wé. Ẹ máa ní kí ló dé tí a kò sọ ọ́ sórí WhatsApp. A ti sọ ọ́ síbẹ̀ o. Àmọ́ ẹ mọ àwọn àgbà wa. Ẹni tó ti joyè ní Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, bí lẹ́tà tó ní àmì ẹgbẹ́ lórí kò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, a kò tíì pè é nìyẹn, bó ti wù kí a pariwo tó. Àwọn tó sì máa ń dáwó gidi kò sí nínú WhatsApp wa rárá.

Rẹ́jísítà tí mo gbé lọ bá wọn ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Akọ̀wé lórí akọ̀wé ló ti kọ nǹkan sí i, ẹlòmíràn fi bírò pupa, ẹlòmíràn fi pẹ́ńsùlù. Ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì inú rẹ̀ ti wà láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara: “via Kabba, Kwara State.” Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀ tí wọ́n sì yọ wá kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún rẹ́jísítà. Mo wá ṣàlàyé fún ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n bá mi tún àwọn yẹn ṣe: ẹni tó bá wà ní Ìjùmú, ní Yàgbà, ní Bùnú, ní Mọ̀pà-Mùrò, ní Kàbà níbí, kí tirẹ̀ di Kogi. Mo sọ ọ́ lẹ́nu. Mo tún kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, mo fi pín-ìnnì kàn án mọ́ ẹ̀yìn rẹ́jísítà.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá ṣe. Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé gbogbo ibi tó bá ti rí “Kwara”, kí ó fi “Kogi” rọ́pò rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó bá dìde lọ jẹun. Ìlọrin di Kogi. Ọ̀fà di Kogi. Òmù-Àrán di Kogi. Ìsánlú-Ìsin tí kò kúrò ní Kwara rí, òun náà bá wọn dé. Kò tán síbẹ̀. Nítorí pé gbogbo wọn ti di ọmọ Kogi, ó wá kóòdù ìfìwéránṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 260, ti Lọ́kọ́ja, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí gbogbo wọn láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, àti ará Ọ̀fà, àti ará Ẹkìnrìn-Àdè, àti èmi akọ̀wé.

Mo ní, “Ọ̀gá, kí lèyí?”

Ó ní, “Màmá wa, kọ̀ǹpútà ló ṣe é.”

“Ta ló rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́?”

“Ẹ má bínú, Màmá wa. Àwọn tó wà ní pósí ọ́fíìsì mọ Ìlọrin. Wọ́n á gbé e débẹ̀.”

Títí dé ibẹ̀ yẹn, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó mú inú mi ru ni pé ó fa ìwé rìsíìtì jáde, ó ní owó àtúnṣe ńkọ́. Náírà àádọ́ta ló ti gbà lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó tún ń béèrè ogún náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó fọwọ́ kàn án padà. Ó ní jẹnẹrétọ̀ lòun fi ń ṣiṣẹ́, ṣé mo mọ iye tí wọ́n ń ta epo báyìí. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ tó gbé mi wá láti Ẹkìnrìn kì í mu omi. Àwọn tó ń dúró de fọ́tókọ́pì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin tí mo wí ti dá sí i. Ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fi rọ́bà bo ìwé ẹ̀rí ló wà láti òwúrọ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.” Àṣé kí ọ̀gá tó sọ gbogbo Kwara di Kogi, ó ti ṣe ẹ̀dà kan pamọ́. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Nọ́ńbà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní nínú rẹ́jísítà, òun náà ló fi síwájú orúkọ ọ̀hún nínú kọ̀ǹpútà, débi pé bí ẹ bá ní “nọ́ńbà 118”, ẹni kan náà lẹ ó bá níbi méjèèjì. Ọ̀gá wo ojú rẹ̀. Ó gbé ojú kúrò. Ó ní òun ń lọ wo nǹkan kan lọ́jà.

Mo rántí ọmọ náà nígbà yẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé rẹ́jísítà wá, òun ló ń béèrè ìbéèrè tí ọ̀gá ń pa á lẹ́nu mọ́. “Mọ́mì, Ìsánlú wo? Ti Yàgbà ni àbí ti Ìsin?” Ọ̀gá ní kó fi Màmá sílẹ̀. “Egbe wo lèyí, Mọ́mì?” Ẹ sì wò ó dáadáa, ìbéèrè gidi ni. Ẹ̀gbẹ̀ tiwa ní Yàgbà, tí àwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) dé ní 1908, tí ilé ìwòsàn ìjọ ECWA wà, bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, kò yàtọ̀ lójú sí Egbe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkọ̀tún ní Èkó. A ní ọmọ ẹgbẹ́ ní ìhà méjèèjì. Bí Ayétòrò náà ṣe rí nìyẹn: bí a kò bá kọ Gbẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn, ta ló máa mọ̀ pé kì í ṣe ti Ògùn?

A bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pín àdírẹ́sì sí òpó-òpó: oyè lọ́tọ̀, orúkọ ìdílé lọ́tọ̀, orúkọ ẹni lọ́tọ̀, àpótí lẹ́tà tàbí P.M.B. (àpò lẹ́tà àdáni) lọ́tọ̀, ìlú lọ́tọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ lọ́tọ̀, ìpínlẹ̀ lọ́tọ̀, kóòdù lọ́tọ̀. Ó ní bí ìlú bá ti ní òpó tirẹ̀, òun lè to gbogbo ará Mọ̀pà pọ̀ sójú kan kí òun wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, òun ò ní máa fojú wá wọn láàárín gbólóhùn. Èmi ń ka rẹ́jísítà sókè, òun ń wo kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka tẹ tábìlì lẹ́ẹ̀kan fún èyí tó bá bára mu. Bí ìka kò bá dún, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀.

Ìka kò dún nígbà tí a dé ìdí àwọn T.

Ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin èèyàn wa mà ń jẹ́ T. púpọ̀ o.” Mo wò ó. Apá tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ tẹ̀ ni. T. Olórunfẹ́mi. T. Báyọ̀. T. Méjì tẹ̀ lé ara wọn. Mo ṣí rẹ́jísítà sí ojú ewé náà, ara mi bù máṣọ. Kì í ṣe T. Àgbélébùú ni. Akọ̀wé tó wà kí n tó dé ló fa àgbélébùú kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn tó ti dolóògbé. Ọ̀gá sọ gbogbo òkú wa di T., ó tẹ sítíkà fún wọn, ó sì gba àádọ́ta náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ rò ó wò. Opó jókòó nílé, wọ́n gbé àpòòwé wá tí orúkọ ọkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, “a ń retí yín níbi àjọ̀dún, ẹ mú ẹbí àti ọ̀rẹ́ dání.” Ní ilẹ̀ wa! Wọn ò ní wá bá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù o. Ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n máa wá. Àní ká ní Poly yẹn nìkan ni, mo lè gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àgbélébùú yìí ṣì ń ká mi lára bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọmọ náà kò pa wọ́n rẹ́ kúrò. Ó kó gbogbo wọn lọ sí ojú ewé ọ̀tọ̀, ó ní a lè fẹ́ ka orúkọ wọn lọ́jọ́ àjọ̀dún. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yẹn.

Nǹkan kéékèèké tó kù, mo máa sáré sọ wọ́n. Odo iwájú nọ́ńbà fóònù pòórá, 080 di 80. Ohun tí Excel máa ń ṣe nìyẹn bí ẹ kò bá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni kó kà á sí, pé kì í ṣe iye. Lórí láptọ́ọ̀pù ọ̀gá, ẹ, ọ àti ṣ di àmì ìbéèrè, orúkọ ọmọ èèyàn wá dà bíi pé wọ́n ń bi í léèrè bóyá òun ni. Ọmọ náà mú ẹ̀dà tirẹ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kò tíì bàjẹ́, ó fi í pamọ́ ní CSV UTF-8, irú fáìlì tó ń gba lẹ́tà Yorùbá, gbogbo lẹ́tà wa padà sípò. Ó tún rí àwọn tó wà ní ẹ̀ẹ̀mejì: “Engr.” níbì kan, “Olóyè” níbòmíràn, àpótí lẹ́tà kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe tẹ sítíkà, nítorí ohun tí mo gbádùn jù nìyẹn. Sítíkà mọ́kànlélógún ló wà lójú bébà kan, bébà náà sì wọ́n. Kò kàn ki í bọ ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ tẹ ẹ́ sórí bébà lásán, ó gbé bébà lásán náà lé bébà sítíkà lórí, ó gbé méjèèjì sókè sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ là wọ́n kọjá. Ìlà ìsàlẹ̀ ń jáde sí etí sítíkà, ó kù díẹ̀ kí “Kogi” di “Kog”. Ó fà á wọlé díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gbé e sí fèrèsé. Nígbà tó bára mu, ó ní, “Ẹ wá wò ó, Mọ́mì,” ó dìde kí n lè ráyè dúró síbẹ̀. Mo ti ṣe tísà rí, mo mọ ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ bí mo bá rí i.

Sítíkà fúnra rẹ̀ kò dáa o. Ọ̀gá ló rà á. Nígbà tí mo fi máa délé, igun rẹ̀ ti ń ká sókè, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ èyí tó pọ̀ jù lára wọn, ìka mi ṣì ń lẹ̀ mọ́ra wọn ní ọjọ́ kejì.

Ní pósí ọ́fíìsì, bàbá tó wà ní káńtà ní ta ló ṣètò rẹ̀. Ọmọ náà ti bá mi tò ó ní ìlú-ìlú, ó fi rọ́bà de ti ìlú kọ̀ọ̀kan, ó ki bébà tó gbé orúkọ ìlú àti iye lẹ́tà bọ̀ ọ́ lókè. Bàbá náà wo kóòdù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ ọ́ rárá, àwọn tó sì ń kọ ọ́ máa ń rò pé ìpínlẹ̀ kan, kóòdù kan. Ó fi ìka hàn mí: nọ́ńbà mẹ́fà ni, ti àkọ́kọ́ ń sọ ẹkùn, mẹ́ta ìkẹyìn ń sọ ibi tí wọ́n á já lẹ́tà sí gan-an. Àwa àti Kwara, 2 la jọ fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n 240 ni ti Ìlọrin. Mo fojú inú wo gbogbo ará Ìlọrin tí ọ̀gá wa fẹ́ kó lọ sí Lọ́kọ́ja.

Ọ̀rẹ́ mi ní Kwara Poly ti pè. Ó rí tirẹ̀ gbà. Ó ní ta ló kọ àdírẹ́sì òun dáadáa báyìí, n kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ má bi mí bí mo ṣe ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ ní àárọ̀ kí ọ̀gá tó dé, ọmọbìnrin náà ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì bá a fi nọ́ńbà síwájú gbogbo orúkọ. Ẹ má sanwó tán títí tí ẹ ó fi kà á sókè pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ibẹ̀ náà ni mò ń gbé e lọ. Ọ̀gá ṣì jẹ mí ní ṣẹ́ńjì ẹgbẹ̀rún kan náírà, àti gbogbo àádọ́ta-àádọ́ta tó gbà lórí àwọn olóògbé. Tí mo bá ti débẹ̀, ìyẹn ni mo máa kọ́kọ́ béèrè.