Ìparí tí kásẹ́ẹ̀tì mi kò ní: àgbéyẹ̀wò The World Series of Pop Culture

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo ń tú àpótí fídíò àtijọ́ wa, mo sì rí kásẹ́ẹ̀tì kan tí ìyàwó mi fi bírò pupa kọ ọ́ sí lára pé, “Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba nǹkan mìíràn lé e.” Àṣekágbá ìdíje ìbéèrè orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní The World Series of Pop Culture ti ọdún 2006 ni ó wà nínú rẹ̀, tàbí kí n sọ pé ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a mọ ẹni tí yóò borí ni àwòrán pòórá, tí dúdú sì gba ojú tẹlifíṣọ̀n títí kásẹ́ẹ̀tì fi tán. Inú tí ó bí mi ní alẹ́ ọjọ́ náà tún bí mi lákọ̀tun. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nígbà náà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Bronx, ní New York. Bí mo bá wọlé lówùúrọ̀, Pat Kiernan ni mo máa ń bá lórí NY1, ìkànnì ìròyìn ìlú New York, tí ó ń ka ohun tí àwọn ìwé ìròyìn gbé jáde fún wa, tí kò rẹ́rìn-ín púpọ̀, tí kò sì fajú ro. Nígbà tí VH1, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan, kéde pé òun ni yóò ṣe atọ́kùn ìdíje ìbéèrè lórí àwọn gbajúmọ̀, fíìmù, orin àti eré tẹlifíṣọ̀n, mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Àṣé ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Bí ìbéèrè ti wù kí ó jẹ́ ti eré tó, ohùn tí ó fi ń ka ìròyìn ni ó fi ń bi í, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fojú yẹpẹrẹ wo ẹni tí ó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹni mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń dá ẹgbẹ́, 250,000 dọ́là sì ni ẹ̀bùn tí wọ́n ń lé. Wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ kókó ọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì forí korí láti mọ ẹni tí wọn yóò rán jáde. Ìforíkorí yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa a máa wolẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a sì máa ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ léjìká, gẹ́gẹ́ bí àwa ọmọdé ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń pa àlọ́ àpamọ̀, tí ẹni tí ó dákẹ́ jù sì jẹ́ ẹni tí ó gbọ́n jù.

Ètò náà wúlò fún mi ju ìdárayá lọ. Ní ibi iṣẹ́, bí wọ́n bá fi fíìmù àwọn ọdún 1980 dápàárá, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ni mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ orúkọ sínú rẹ̀ bí Kiernan ti ń bèèrè. Kò pẹ́ tí mo fi ń rẹ́rìn-ín ní àsìkò.

Ṣùgbọ́n “World” tí wọ́n fi sínú orúkọ yẹn! Etíkun Amẹ́ríkà ni ayé tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí. Mo ń retí ìbéèrè lórí Sade, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gba Grammy olórin tuntun tí ó dára jù lọ ní 1986, mo ti ní ìdáhùn lẹ́nu. Nínú gbogbo èyí tí mo wò, wọn kò bèèrè rẹ̀.

Ní alẹ́ àṣekágbá, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó mi din dòdò, kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Àfi bí tẹlifíṣọ̀n olókùn wa ti kú fin-ín. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ń tà á fún wa. Mo pè wọ́n. Ẹ̀rọ ní kí n tẹ 1, mo tẹ 1. Ó ní kí n tẹ nọ́ńbà àkáǹtì mi, mo tẹ̀ ẹ́ tán, ó ní òun kò gbọ́, mo tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orin dá mi dúró fún ìṣẹ́jú 40. Orin Sade! Ọkùnrin kan sì ń já lu orin náà léraléra pé ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn, ibi kan náà ni ó sì ń já a sí, kí obìnrin náà tó dé ègbè. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, èmi ni mo ń gbe ègbè náà fúnra mi, ìbínú mi sì ń rọ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi.

Obìnrin kan gbé e. Ohùn rẹ̀ kò ju ti àbígbẹ̀yìn mi lọ, síbẹ̀ orúkọ mi ni ó là mọ́lẹ̀ gbàrà, kò fi “sà” sí i. Mo gbé e mì. Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tí ń kọrin tí wọ́n fi dá mi dúró. Ó ní, “Sade ni. Ará Lọ́ńdọ̀nù.” Mo ní Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1959, Fọláṣadé sì ni orúkọ rẹ̀. Ó dákẹ́, mo gbọ́ bí ó ti ń tẹ kọ̀ǹpútà kẹ́kẹ́kẹ́, ó ní, “Òótọ́ ni o.” Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n ti ka 250,000 dọ́là lé lọ́wọ́.

Ó ní kí n yọ wáyà, kí n ka 30, kí n dá a padà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá rí i pé gbogbo àdúgbò ni kò ní in, ó di òwúrọ̀, àwọn yóò yọ dọ́là 5 kúrò nínú owó oṣù náà. Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Mo ní kì í ṣe ti owó, àṣekágbá ni. Ó bi mí pé ti ètò wo. Mo sọ fún un. Ó ní òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán níbi iṣẹ́ ni: “El Chupacabra ni ó gbà á!” (Ẹranko tí àwọn ará Puerto Rico ní ó máa ń mu ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ ni ẹgbẹ́ náà fi sọ ara wọn.) Mo ní àtúngbé rẹ̀ ni mo fẹ́ dúró dè. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ẹ máa bínú, sà.” Ìgbà yẹn ni “sà” tó wá jáde.

Mo sì tún wo àtúngbé náà, ó sì dùn síbẹ̀, nítorí pé mo lè fojú sí bí ẹni tí yóò pàdánù ti ń ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó mọ̀. Ní 2007 wọ́n padà wá, ẹgbẹ́ Twisted Misters ni ó borí, n kò sì pàdánù alẹ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, VH1 kò ṣe é mọ́.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọdún 2 ni wọ́n fún wa, 2 náà ni tiwọn. Ìyàwó mi ní 5 ni ó tọ́ sí i, pé ìkanra ni mo fi ń ṣe é. Kí òun náà kọ tirẹ̀.