Yes, Madam!: Ìjà tí iná kò jẹ́ kí n rí níjọ́sí

Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà tí bùrọ̀dá mi yá kásẹ́ẹ̀tì fíìmù yìí wálé lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Gbogbo ọmọ ojúlé wa ló kún pálọ̀, àwọn tí kò ráyè jókòó ń yọjú láti ojú wíńdò. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ fíìmù náà, torí ẹni tó dà á kọ ti lẹ ìwé mìíràn mọ́ ọn lára. "Àwọn obìnrin ọlọ́pàá Ṣáínà" la ń pè é. A fara da àwọn olè aláwàdà fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Bí obìnrin ọlọ́pàá méjèèjì ṣe wọ ilé ọ̀gá àwọn jàǹdùkú báyìí, tí ìjà gidi fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iná lọ. Kí iná tó dé lọ́jọ́ kejì, bùrọ̀dá mi ti dá kásẹ́ẹ̀tì padà kí wọ́n má baà bù lé owó rẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra díìsìkì rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì rà á. Ẹni tó ta èyí àkọ́kọ́ fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ohùn Cantonese, èdè àwọn ará Hong Kong, àti ti Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo fi sẹ́nu ẹ̀rọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo bá, irú Gẹ̀ẹ́sì tí òṣèré á ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó tán. Mo kọ̀wé sí i, kò fèsì títí dòní. Èkejì ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí: èdè Cantonese ni, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán. Àwòrán rẹ̀ mọ́ débi pé gbogbo èérún gíláàsì ni mo rí. Ẹ má retí ohùn àwọn òṣèré gan-an o. Láyé ìgbà yẹn ní Hong Kong, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ya fíìmù tán ni wọ́n máa ń fi ohùn sí i. Síbẹ̀, ó bá ẹnu wọn mu ju Gẹ̀ẹ́sì yẹn lọ.

Ọdún 1985 ni fíìmù náà jáde. Corey Yuen ló darí rẹ̀, Sammo Hung ló sì ṣe agbátẹrù rẹ̀. Michelle Yeoh ni ọlọ́pàá Ng. Cynthia Rothrock, òyìnbó Amẹ́ríkà, ni Carrie Morris tí wọ́n rán wá láti Scotland Yard, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá London. Fọ́nrán kékeré kan tó lè tú àṣírí ọ̀gá àwọn jàǹdùkú ni gbogbo wọn ń wá, ọwọ́ àwọn olè aláwàdà mẹ́ta ló sì bọ́ sí láìmọ̀. Orúkọ àwọn olè náà nínú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ni Aspirin, Strepsil àti Panadol. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ẹni tí orí ń fọ́ kò gbọdọ̀ pe irú ọ̀rẹ́ yìí ní gbangba. Tsui Hark tó ṣe Panadol, olùdarí fíìmù ńlá ni òun fúnra rẹ̀, àmọ́ níbí, ayédèrú ìwé ìrìnnà ló ń ṣe jẹun.

Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn mi wà. Àwọn olè yìí gba àyè ju bó ṣe yẹ lọ. Àwa Yorùbá sọ pé bí ọkùnrin bá rí ejò tí obìnrin pa á, kí ejò ṣá ti kú. Nínú fíìmù yìí, àwọn ọkùnrin fi ohun tó lé ní wákàtí kan dúró ti ejò, wọ́n ń ṣàwàdà, kí wọ́n tó ráyè fún obìnrin. Ẹni tó bá torí àwòrán ara páálí rẹ̀ rà á, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ́ lára eré Hong Kong, á rò pé wọ́n lu òun ní jìbìtì.

Ẹ ní sùúrù. Ìjà ilé ọ̀gá jàǹdùkú dé.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kámẹ́rà jìnnà díẹ̀, ó sì dúró sójú kan. O máa rí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, o máa rí ibi tó bà, o sì máa rí ẹni tó gbà á bó ṣe ń ṣubú. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n á gé sí wẹ́wẹ́, tí o ò ní mọ ẹni tó lu ẹnikẹ́ni. Ng jókòó sórí irin bákóní kan tí gíláàsì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ju ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ há irin, orí rẹ̀ la gíláàsì kọjá, ó sì gbá ọkùnrin méjì tó wà lódì kejì mú, ó fà wọ́n lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo dá ibẹ̀ padà. Bùrọ̀dá mi tí mo pè wá wò ó (ó ti ń sùn láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ Aspirin ti bẹ̀rẹ̀) dìde dúró, ó ní, "Ẹni yìí ò bẹ̀rù ọlọ́run ara ẹ̀!"

Rothrock, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn tẹ́lẹ̀. Láàárín 1981 sí 1985 òun ni ọ̀gá nínú ìdíje kàrátè, nínú fífi ara dárà àti ohun ìjà. Ti Yeoh ló yà mí lẹ́nu. Ìpoh ní Malaysia ni wọ́n ti bí i, ijó ballet ló lọ kọ́ ní London kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó dà á láàmú, ó sì gba adé Miss Malaysia lọ́dún 1983. Kò kọ́ kọ́ńfú rí kó tó wọ iṣẹ́ fíìmù. Ó ní bí ijó ni òun ṣe kọ́ ìjà. Tí o bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, wo èjìká rẹ̀ bó ṣe ń yí: ijó ni lóòótọ́, àfi pé ẹnì kan ń gba ẹsẹ̀ lẹ́nu ní òpin rẹ̀.

Àwọn tó ń bẹ̀rù pé irú fíìmù báyìí kàn ń ta ara obìnrin ni, èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n wọ̀. Níbẹ̀rẹ̀ gan-an, ọkùnrin oníranù kan ń ṣí aṣọ han obìnrin. Ìwé ni Ng fi kọ́ ọ lọ́gbọ́n, mi ò sì ní sọ ibi tí ìwé náà ti há a. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wò ó. Ẹ̀jẹ̀ wà, ìwà ìkà ọ̀gá jàǹdùkú àtàwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ sì le.

Owó tí fíìmù yìí pa ló mú kí Hong Kong máa ṣe irú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí Yeoh fẹ́yìn tì lọ́dún 1988 láti lọ́kọ, wọ́n ti gbé ọmọ Taiwan kan dìde, wọ́n fún un ní orúkọ Cynthia Khan: Cynthia ti Rothrock, Khan tí Yeoh ń jẹ́ nínú fíìmù nígbà yẹn. Bí ẹni ń ṣe ayédèrú bàtà! Yeoh padà dé lọ́dún 1992, ó gun alùpùpù fò sórí ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré nínú Police Story 3. Tí owó yín bá to fíìmù kan péré, ìyẹn ni kí ẹ rà, torí kò fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, èyí ni.

Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Lẹ́yìn ìjà yẹn, nǹkan kan ṣẹlẹ̀, lójijì ni àwòrán dúró, ó tán. Ó já lulẹ̀ débi pé èmi àti bùrọ̀dá mi jọ gbójú sókè wo gílóòbù lẹ́ẹ̀kan náà.