Hánẹ́ẹ̀sì Ehoro: Olókùn Tẹ́ẹ́rẹ́ àbí Oní-síńgílẹ́ẹ̀tì?

Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ẹran ọ̀sìn ní London níbí, ẹ máa rí hánẹ́ẹ̀sì ehoro, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ máa wọ̀ fún un kẹ́ ẹ lè fi okùn mú un jáde, lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ẹ̀yà méjì ló pọ̀ jù. Ọ̀kan jẹ́ okùn náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́, ìkan á yí ọrùn ká, ìkan á gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú yí àyà ká, okùn kúkúrú kan á wá so méjèèjì pọ̀ lórí ẹ̀yìn. Èkejì dà bíi síńgílẹ́ẹ̀tì, aṣọ oníhò wẹ́wẹ́ tó bo àyà àti èjìká. Mo ti ra méjèèjì. Ọmọ mi obìnrin ló lóun fẹ́ ehoro, ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí, èmi ni mò ń kó ìgbẹ́ ẹ̀, èmi náà ni mò ń gbé e jáde. Àlàájì là ń pè é torí gbogbo ara ẹ̀ funfun báláú. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ṣì ń bèèrè ìgbà tá a máa sè é.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ àwọ̀ tàbí ìdè tí wọ́n fi ṣẹ̀ṣọ́ sí i. Kọ́là ọrùn lásán, ẹ má tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, imú ni ehoro fi ń mí, ọrùn ẹ̀ ò sì gba kí nǹkan fà á.

Owó: olókùn sábà máa ń rọjú díẹ̀, ṣùgbọ́n owó tó fi dín ò lè ra abọ́ ráìsì kan ní Peckham. Wíwọ̀: olókùn, ẹ gbọ́dọ̀ ti orí ẹ̀ bọ̀ ọ́, ehoro ò sì fẹ́ràn kí nǹkan gba ojú òun kọjá, síńgílẹ́ẹ̀tì ẹ lè tẹ́ ẹ láti abẹ́ kẹ́ ẹ sì dì í lókè. Ooru: olókùn gbà á níbí, kò sí àríyànjiyàn. Jíjẹ: méjèèjì ló máa jẹ, ehoro ni.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ike kékeré tí wọ́n fi ń sún okùn yẹn, èyí tẹ́ ẹ máa fi fún un tàbí dẹ̀ ẹ́. Náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń dán, ike ọ̀hún ò sì ní eyín tó lè fi dì í mú dáadáa, torí náà ní gbogbo ìgbà tí ehoro bá fò, tó gbọn ara, tó na ọrùn láti já koríko, okùn á yọ́ díẹ̀. Nílé, ẹ fi ìka kan sáàárín okùn àti ara ẹ̀, ó gba ìka kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó rí. Ẹ dé pápá, kó fò díẹ̀, ẹ tún fi ìka sí i, ìka mẹ́ta ti ń wọlé. Ojú ò sì lè rí i o, irun ti bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa mọ̀.

Bá a ṣe mọ̀ nìyẹn. Ajá kan gbó lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n dè é pàápàá, kò tiẹ̀ sún mọ́ wa, Àlàájì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Ehoro tó bá fẹ́ bọ́ nínú okùn, ẹ̀yìn ló ń gbà, á tẹ orí mọ́lẹ̀, á fún èjìká pọ̀, á sì máa sún padà. Ti ọrùn bọ́, ti àyà ò bọ́, ó wá há mọ́ ẹsẹ̀ iwájú kan, ló bá ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta bí ẹni tí iná ń jó, èmi ń pariwo, ọmọ ń sunkún. Èékánná kan fà ya, dókítà ẹran sì ní àfi ká ya X-ray ẹ̀yìn ẹ̀ kọ́kàn òun tó lè balẹ̀. Egungun ehoro fúyẹ́ jù, nínú gbogbo ìwọ̀n ara ẹ̀, egungun ò ju bíi 7 sí 8 nínú 100 lọ, ti ológbò tó 12 sí 13, bẹ́ẹ̀ iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro lágbára púpọ̀, tí ara ẹ̀ bá há tó sì ń tàpá, agbára òun fúnra ẹ̀ lè ṣẹ́ egungun ẹ̀yìn níbi ìbàdí. Ti Àlàájì ò ṣẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n owó tí mo san lọ́jọ́ yẹn á ra síńgílẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ehoro àdúgbò. Ẹni tó ta okùn yẹn fún mi ní mi ò fún un dáadáa ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Síńgílẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, òrùka tí wọ́n ń so líìṣì, okùn tẹ́ ẹ máa dì mú lọ́wọ́, mọ́ wà láàárín ẹ̀yìn, kì í ṣe nítòsí ọrùn, tí nǹkan bá fà á, gbogbo àyà ló máa gbà á, kì í ṣe ojú kan. Àléébù tó ní ni pé irun máa ń kún inú ìlẹ̀mọ́ velcro ẹ̀, pàápàá nígbà tí irun bá ń bọ́, tó bá ti kún kì í lẹ̀ mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó lẹ máa fi yọ ọ́, ìṣẹ́jú kan ni, kì í ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ má ra èyí tó jẹ́ velcro nìkan o, ó gbọ́dọ̀ ní kílíìpù tó ń dún pà, méjì tó bá ṣeé ṣe, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan láyà.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ má gbé e jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á. Ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ ẹ̀ kó máa gbóòórùn ẹ̀ ná. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un nílẹ̀, ẹ má dà á dojú délẹ̀ tàbí gbé e sórí ẹ̀yìn, fún un ní ewé parsley díẹ̀, bọ́ ọ, ọjọ́ kejì ẹ tún ṣe é. Ìgbà tó bá ń jẹun, tó ń fọ ojú ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ lára, ìgbà yẹn lẹ tó lè so líìṣì. Tó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹbẹ tí ojú ẹ̀ là kalẹ̀, ẹ má rò pé ara ẹ̀ balẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á. Àwọn kan ò ní gbà láéláé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ ra àwọn pánẹ́ẹ̀lì onírin kẹ́ ẹ fi ṣọgbà fún wọn. Àjọ Rabbit Welfare Association & Fund níbí ní kí ààyè ehoro méjì tó mítà 3 sí 2, kí ó ga tó mítà 1.

Líìṣì, èyí tó ń nà bíi rọ́bà ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ń ká ara ẹ̀ padà tó sì ń há lójijì. Ehoro ló ń ṣáájú, ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ẹ má fà á láéláé. Tó bá sáré, ẹ sáré tẹ̀ lé e kí okùn má le. Ẹ má so ó mọ́ igi kẹ́ ẹ lọ ra ice cream. Ẹ gbé e dé pápá nínú àpótí ẹ̀, ẹ má sì gbé e síbi tí wọ́n ti fín oògùn sí koríko. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọdọọdún náà ṣe pàtàkì, àrùn myxomatosis ti wà ní Britain láti 1953, ẹ̀fọn àti kòkòrò amùjẹ̀ ló ń gbé e kiri, ti RHD, àrùn mìíràn tó ń pa ehoro, sì lè lẹ̀ mọ́ bàtà wọlé. Ehoro kì í làágùn, etí ẹ̀ ló fi ń tu ara ẹ̀, torí náà tí ooru ojú ọjọ́ bá ti ju 25°C lọ, a kì í jáde.

Ẹ̀yin ará Èkó, mo mọ̀ pé olókùn lè wù yín torí ooru, ó yé mi. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ máa jáde, tẹ́ ẹ bá sì ti wọn okùn mọ́ ọn lára tán, ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pa lẹ́yìn ike yẹn kó má baà yọ́ mọ́.

Ká sòótọ́, méjèèjì ló wúlò, ó kù sí irú ehoro tẹ́ ẹ ní. Tó bá jẹ́ èyí tó ti dàgbà, tí kò mọ ìjayà, tí ẹ ò ní kúrò nínú ọgbà ilé, olókùn á ṣe é. Tí ajá, ọkọ̀ tàbí ọmọdé bá wà nítòsí, ẹ ra síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọn àyà ẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ má gbọ́kàn lé “small” àti “medium” tí wọ́n kọ sí i, ẹ sì tọ́jú rìsíìtì, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan kì í gbà á padà tí irun bá ti wọ̀ ọ́.