Ẹ̀wà olóyin, òtílí tàbí wàrà sóyà: èwo ni kí ilé tí kì í jẹ ẹran rà fún oúnjẹ alẹ́?

Èèyàn mẹ́ta ni wá nílé: èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́jọ. Ìgbà tí dókítà ní kí ọkọ mi yé jẹ ẹran la fẹnu kò pé n kò ní máa se ìkòkò méjì. Ẹran kúrò nílé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹja náà tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ti ẹja kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ owó ni. Ohun tó wá kù tí mo lè rí rà ní Ifẹ̀ láìjẹ gbèsè kò ju mẹ́rin lọ: ẹ̀wà olóyin, ẹ̀wà funfun, òtílí àti wàrà sóyà, ìyẹn omi sóyà tí wọ́n mú dì bíi wàrà Fúlàní. Mo ti ra gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ gáàsì mi tán.

Pé ẹ̀wà ń fúnni lókun, pé ó ń mú ọmọ dàgbà, ẹ ti gbọ́ ìyẹn láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé owó méjì lèèyàn ń san lórí ẹ̀wà: èyí tó kà lé ìyá ẹlẹ́wà lọ́wọ́, àti èyí tí iná yóò gbà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjà Odò-Ògbè ni mo wà lọ́jọ́ náà. Mo rí òtílí tí owó kóńgò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti olóyin. Mo bi màmá tó ń tà á pé, "Màmá, ṣé ó máa ń jinná?" Ó wò mí bí ẹni tó rí àlejò. "Ìyàwó, kí ni kò ní jẹ́ kó jinná? Oúnjẹ àwọn bàbá wa ni. Ẹ ṣáà fún un níná." Màmá kò purọ́. Iye iná náà ni kò dárúkọ.

Kóńgò méjì ni mo rà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo gbé ààbọ̀ kóńgò kaná. Nígbà tí wọ́n fi ń pe ìrun alẹ́ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa, ó ṣì ń ró kànàkànà lẹ́nu. Mo ń bomi sí i, omi ń gbẹ. Mo ju kán-ún sí i, ó ṣú, ó ń rùn bí ọṣẹ, inú rẹ̀ kò rọ̀. Gààrí la mu sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ahun ni mí, n kò lè da ìyókù nù, mo tún sè é lẹ́ẹ̀mejì sí i lọ́sẹ̀ yẹn. Sílíńdà kílò 3 tó máa ń gbé wa dé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án ló tán. Èrè tí mo rò pé mo jẹ lórí kóńgò méjì, gáàsì ló gbà á lọ.

Kí n má ṣàbòsí, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òtílí nìkan. Ẹ̀wà yòówù tó bá ti pẹ́ nínú àpò níbi tó móoru tó sì lọ́rinrin, líle ló máa ń le, kò sì sí iná tí yóò sọ ọ́ di tuntun. Omi kànga wa náà dá kún un. Omi tí ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀. Èmi fúnra mi tún da ata àti tòmátì sí i kó tó jinná, bẹ́ẹ̀ ohun kíkan máa ń mú kí ẹ̀wà ya olóríkunkun. Ní ti kán-ún, ó ń rọ ẹ̀wà lóòótọ́, àmọ́ ó ń ba fítámì B1 inú rẹ̀ jẹ́. Èmi kì í fi sí i mọ́.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra kóńgò lọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ kò tíì rà lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ẹ kọ́kọ́ ra agolo mílíìkì kan, kẹ́ ẹ lọ sè é wò. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, olóyin tó ti ń ṣú ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ fi gbóòórùn rẹ̀ wò náà. Èyí tó bá ń rùn bí oògùn apakòkòrò, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ẹ̀wà olóyin kò ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Tí mo bá rẹ ẹ́ sómi láti òwúrọ̀, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ló ń gbà mí. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ṣọ́ gáàsì gan-an, òwúrọ̀ ni mo máa ń gbé e kaná. Tó bá ti hó fún ìṣẹ́jú 15, mo máa ń dà á pẹ̀lú omi gbígbóná rẹ̀ sínú kúlà oúnjẹ, mo máa ń fi ògbólógbòó ìró wé e, ó di ibi iṣẹ́. Tí mo bá dé, epo, àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀ ló kù. Ó wọ́n ju òtílí lọ, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ mi ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ike tí ìdérí rẹ̀ há dáadáa àti ata gbígbẹ díẹ̀ ni mo fi ń gbà á lọ́wọ́ kòkòrò. Ti ọmọ, n kò rí nǹkan ṣe sí i.

Ẹ̀wà funfun: àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, ó parí. Bíbó rẹ̀, lílọ rẹ̀, wíwá ewé, iṣẹ́ Sátidé ni, kì í ṣe ti ẹni tó dé láti ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà. Ẹlẹ́mìí méje ni àwọn ẹlòmíràn ń ṣe. Tiwa ní ẹ̀mí kan ṣoṣo, ẹyin.

Wàrà sóyà ló ṣòro fún mi jù láti dájọ́ rẹ̀. Tí a bá fi gíráàmù dé gíráàmù, sóyà gbígbẹ ní purotéènì tó nǹkan bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀wà kò ju nǹkan bí 24 lọ. Nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí irú pẹ̀tẹ̀ bá ta sánsán nínú rẹ̀, àlejò kò ní béèrè ẹran. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti dín tà ní Sábó ti mu òróró yó, ẹ sì tún san owó òróró náà. Mo gbìyànjú láti ṣe é nílé: ẹ rẹ sóyà mọ́jú, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa nítorí sóyà tútù kì í dà nínú ikùn, ẹ fi omidùn mú un dì, ẹ sì fi nǹkan wúwo tẹ omi inú rẹ̀ jáde. Ó dùn. Wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ méjì, gbogbo rẹ̀ kan nínú fíríìjì.

Kálukú ló mọ bí ilé rẹ̀ ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá ń fi igi dáná tí ẹnì kan sì máa ń wà nílé lọ́sàn-án, òtílí lè gbè yín, pàápàá tẹ́ ẹ bá rí tuntun. Tí iná ìjọba yín bá ṣeé gbára lé, ẹ máa ṣe wàrà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀wà olóyin sì wà fún àwa tó kù, tí a ń ra gáàsì ní kílò kílò, tí ebi sì ti máa ń pa wá ká tó délé.

Òtílí tó kù nínú kóńgò méjì yẹn, ọkọ mi gbìn ín sí ẹ̀yìn ilé. Ó ti ga jù mí lọ báyìí, ó sì ti ń so. Tútù rẹ̀ la ń já sè, kì í pẹ́ jinná rárá.