Mazda MX-5 ìran kejì: ibi tó yẹ kí owó yín kọ́kọ́ lọ

Ẹni tó bá ń wá mọ́tò eléré tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tó lè gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ kó sì gbé e wọ pápá ìsáré lọ́jọ́ Sátidé, Mazda MX-5 la máa kọ́kọ́ tọ́ka sí fún un. Ọdún 1989 ni àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tó fi máa di 2016, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan. Ìran kejì, tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2005, là ń yẹ̀ wò níbí, pàápàá èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8 láti 2001 lọ. Ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la fi ṣe òṣùwọ̀n, torí pé mọ́tò yìí pọ̀ níbẹ̀, pápá ìsáré sì wà káàkiri.

Ìran kìíní rẹwà jù ú lọ, a gbà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ ti gbé owó rẹ̀ sókè, èyí tó sì jẹ́ 1.6 tí wọ́n tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1995 kò ní ju agbára ẹṣin 88 lọ. Ìran kẹta sanra ju èyí lọ, nọ́ọ̀tì márùn-ún ló sì di wíìlì rẹ̀, nítorí náà wíìlì àwọn ti ìṣáájú kò lè wọ̀ ọ́. Ìran kejì ló bọ́ sí àárín: kò wúwo ju nǹkan bí kìlógíráàmù 1,050 lọ, 1.8 rẹ̀ ti 2001 ní agbára ẹṣin tó sún mọ́ 146, wíìlì ẹ̀yìn ló ń tì í, apá méjì-méjì ló sì di wíìlì kọ̀ọ̀kan mú. Ohun tó mú kó dùn ún wà nìyẹn, kì í ṣe eré àsápajúdé. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ dé òpin gíà kejì kí ó má tíì sọ yín di arúfin lójú títì ńlá.

Kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, ẹ kọ́kọ́ sùn sábẹ́ rẹ̀. Ìpáàrà ló ń pa mọ́tò yìí, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù. Irin gbọọrọ méjì kan wà níwájú tó gbé ẹ́ńjìnnì àti wíìlì iwájú dúró. Ìpele irin tó ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n fi ṣe é, omi a sì máa há sáàárín wọn, nítorí náà láti inú ló ti ń jẹ bọ̀ síta. Ìgbà tí ojú bá fi máa rí i, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ. Ẹ fi ìdí sukudiráfà kàn án jálẹ̀ gígùn rẹ̀: irin tó le a dún ketekete, èyí tó ti jẹra a dún wúyẹ́wúyẹ́. Jíjó irin tuntun mọ́ ọn ṣeé ṣe, àmọ́ iṣẹ́ ọlọ́jọ́ púpọ̀ ni, owó rẹ̀ sì lè tó ìdajì iye tí ẹ fẹ́ fi ra mọ́tò.

Ibi kejì tó ń dípáàrà ni irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tó ti pàdé wíìlì ẹ̀yìn. Omi tó bá bọ́ sórí òrùlé aṣọ ń gba ihò kan ní igun lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, yóò sì jáde lábẹ́, níwájú wíìlì ẹ̀yìn. Ewé tó bá dí ihò yẹn ló ń fa ìyókù: káàpẹ́ẹ̀tì á tutù, irin á dógùn-ún. Ẹ da ife omi kan sínú ihò náà kí ẹ wò bóyá ó jáde nílẹ̀. Tí kò bá jáde, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ ni kí ẹ fi là á, kì í ṣe wáyà líle tó lè já rọ́bà inú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kì í sábà yọni lẹ́nu. Nínú àwọn ti 1999 àti 2000 nìkan ni bíárìn tí kì í jẹ́ kí crankshaft (ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) máa rìn síwá-sẹ́yìn ti máa ń jẹ nínú àwọn kan. Ẹ ní kí ẹnì kan máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ sì máa wo púlì iwájú. Tó bá ń sún síwájú lójú yín, ẹ fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Tí ẹ bá ti rà á, ẹ kà á sí pé ẹni tó tà á kò ṣe nǹkan kan sí i, àfi tó bá fi rìsíìtì hàn yín. Timing belt, bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, máìlì 60,000 ni ẹ ó máa pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ pààrọ̀ ọ̀ọ́tà pọ́ǹpù pẹ̀lú rẹ̀, torí iṣẹ́ kan náà ni títú wọn. Wáyà púlọ́ọ̀gì máa ń gbó kí púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ tó gbó: bí ẹ́ńjìnnì bá ń wúkọ́ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gan-an ní gíà gíga, tó sì ń ṣe dáadáa tí ẹ bá rọra ń lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó lítà mẹ́rin, 10W-40 sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ́ìlì gíà 75W-90 tí wọ́n kọ GL-4 sí lára ni kí ẹ rà. Lítà méjì ló ń gbà bí ó bá jẹ́ gíà márùn-ún. Ẹ má da GL-5 sínú rẹ̀, ó lè jẹ idẹ inú gíà. Ẹ̀yìn, níbi dífíránṣíà (àpótí tó ń pín agbára fún wíìlì ẹ̀yìn méjèèjì), ni GL-5 ń lọ, lítà kan péré. Bí ooru bá ń wọlé láti ìdí ọ̀pá gíà, tí gíà sì ń le láti wọ̀, rọ́bà abẹ́ ọ̀pá náà ló ti ya, ọ́ìlì inú ikòkò kékeré ibẹ̀ sì ti gbẹ. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì máa yà yín lẹ́nu.

Ìgbóná ni ọ̀rọ̀ tó kàn, a ò sì fẹ́ kí ẹ fò ó. Gééjì ìgbóná tó wà nínú mọ́tò yìí kì í sọ òótọ́ tán. Bí omi bá ti gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, ọwọ́ rẹ̀ á dúró sáàárín, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí omi yóò fi fẹ́ hó. Gééjì ọ́ìlì náà kò yàtọ̀: bóyá agbára ọ́ìlì wà tàbí kò sí ló lè sọ, kò lè sọ iye tó jẹ́. Kí ẹ tó fi mọ́tò yìí wọ pápá, ẹ so gééjì gidi mọ́ ọn fún méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì yìí wá láti ìdílé èyí tí Mazda ń gbé dábùú sínú ọkọ̀ 323. Iwájú ni omi ti ń jáde, sílíńdà kẹrin tó wà lẹ́yìn pátápátá ló sì ń gbóná jù. Ẹni tó bá fẹ́ fi tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i) sí i gbọ́dọ̀ yí ọ̀nà omi náà padà kó máa gba ẹ̀yìn jáde. Fún ẹni tí kò ní fi tọ́bò sí i, ohun tó kéré ju ìyẹn tó. Rédíétọ̀ tí orí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà dúdú, bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń di pípọ́n rúsúrúsú, ó ti fẹ́ là. Ẹ fi ti alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ sì wò bóyá pákó rọ́bà tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì ṣì wà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń tú u tí wọn kì í dá a padà. Láìsí i, afẹ́fẹ́ á gba abẹ́ rédíétọ̀ kọjá dípò kó gba inú rẹ̀, mọ́tò á sì máa gbóná lásán.

Lẹ́yìn ìyẹn, bíréèkì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ra dísíkì ńlá àti kálípà (èyí tó ń fún pádì mọ́ dísíkì) olówó iyebíye fún mọ́tò yìí, owó tó ṣòfò sì ni, torí mọ́tò tí kò wúwo kò nílò rẹ̀. Èyí tó wà lára rẹ̀ tó, mílímítà 270 sì ni dísíkì iwájú àwọn tó jẹ́ Sport. Ohun tó ń kọ̀ ṣiṣẹ́ lórí pápá ni omi bíréèkì àti pádì. Omi bíréèkì DOT 4 lásán tó ti pẹ́ nínú mọ́tò ti fa omi mọ́ra, á hó ní ìwọ̀n ooru tó kéré jọjọ, ẹsẹ̀ yín á sì rì dé ilẹ̀. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ jáde, kí ẹ fi èyí tí kì í hó kí ó tó kọjá 300°C sí i. Motul RBF 600 jẹ́ 312°C nígbà tó bá ṣì tuntun. Lítà kan tó, á tún ṣẹ́kù. Pádì bíi Ferodo DS2500 lè ṣe títì àti pápá papọ̀ láìpariwo jù. Ẹ gbọ́dọ̀ sun pádì tuntun mọ́ dísíkì: ẹ tẹ bíréèkì láti orí eré nǹkan bí máìlì 60 ní wákàtí kan sí 20 lẹ́ẹ̀mẹjọ tàbí mẹ́wàá tẹ̀ léra, ẹ má ṣe dúró pátápátá, kí ẹ sì máa wà á lọ jẹ́ẹ́jẹ́ títí á fi tutù.

Kálípà ẹ̀yìn ní àṣírí kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí háńbíréèkì bá ń gòkè jù, ẹ má lọ fà wáyà rẹ̀ le. Bóòtù kan wà lẹ́yìn kálípà. Ẹ tú u, ẹ ó rí ihò tí kọ́kọ́rọ́ Allen mílímítà 4 ń wọ̀. Ẹ fi yí i títí wíìlì kò fi ní lè yí mọ́, kí ẹ dá a padà ní ìdá mẹ́ta yíyí kan, ó parí. Píìnì tí kálípà ń rìn lórí rẹ̀ náà máa ń gán; gírísì sílíkóònù ni kí ẹ fi sí i.

Táyà ló kàn. Wíìlì 15×7 tó fúyẹ́ pẹ̀lú táyà 195/50R15 ni a fara mọ́ jù, nọ́ọ̀tì mẹ́rin, 4×100. Táyà tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ á mú sítíárìn le, á sì gba adùn mọ́tò lọ. Nankang NS-2R kì í wọ́n, ó sì ń di ilẹ̀ mú dáadáa lójú gbígbẹ. Nínú òtútù àti òjò, ẹ rọra. Afẹ́fẹ́ táyà, psi 26 ni ti títì. Lórí pápá, bí táyà bá ti gbóná, kó má kọjá nǹkan bíi 30. Ẹ gbé gééjì dání kí ẹ máa tú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Wheel alignment, ìyẹn títún ìdúró wíìlì ṣe, ló ń yí mọ́tò yìí padà ju ohunkóhun mìíràn tí owó rẹ̀ kéré lọ, àmọ́ ibẹ̀ náà ni ìjàǹbá wà. Bóòtù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì máa ń gán pa sínú bọ́ṣì wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù alignment á ní kò ṣeé ṣe, tàbí kó ṣe èyí tó yí, kó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ yẹ wọ́n wò ṣáájú. Bí wọn kò bá yí, ẹ gé wọn, kí ẹ ra bóòtù àti bọ́ṣì tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Fún títì àti pápá papọ̀, kí wíìlì iwájú fi orí tẹ̀ sínú ní digirí 2, ti ẹ̀yìn 1.8. Kí ojú wíìlì iwájú wo ọ̀kánkán, kí ti ẹ̀yìn wo inú díẹ̀ kíún kí ìdí mọ́tò má baà máa sá.

Ṣọ́kì: ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ jù. Àyè tí wíìlì ní láti gòkè kò pọ̀. Bí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, orí rọ́bà ìdádúró ni yóò máa jókòó sí, gbogbo kòtò á sì máa ta á nù kúrò lójú ọ̀nà.

Mọ́tò tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ kò gbọdọ̀ wọ pápá láìní roll bar (irin tó ń dáàbò bo orí yín bí mọ́tò bá dojú dé), yálà àwọn alábòójútó béèrè tàbí wọn ò béèrè. Ẹ wọ àṣíborí, ẹ jókòó, kí ẹ fi ọ̀pá gígùn kan lélẹ̀ láti orí roll bar dé orí férémù gíláàsì iwájú: orí yín gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀pá náà, kó ku ó kéré tán ínṣì méjì. Ẹni tó ga lè gé fóòmù abẹ́ ìjókòó kúrò. Ẹ fi rọ́bà tó le bo irin náà lẹ́yìn orí, èyí tí wọ́n kọ SFI 45.1 sí, fóòmù rírọ̀ kò wúlò.

Nípa agbára ẹ́ńjìnnì, a ó ṣe é ní kúkúrú. Páìpù èéfín tuntun àti àpótí afẹ́fẹ́ tuntun, ariwo ni ẹ ó rí gbà jù. Tọ́bò ń fi kún un lóòótọ́, àmọ́ yóò fẹ́ rédíétọ̀, kílọ́ọ̀ṣì, kọ̀ǹpútà, gíà márùn-ún náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eyín. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń wà á.

Ibi tó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ ni Brands Hatch ní Kent, tí kò jìnnà sí àwọn èèyàn wa ní Peckham àti Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù. Máìlì 1.2 péré ni pápá Indy rẹ̀, mọ́tò tí kò lágbára kì í sì dójú tini níbẹ̀. Kọ́ọ̀nà àkọ́kọ́, Paddock Hill, ń wọlẹ̀ lójijì; ẹ ti parí bíréèkì kí ẹ tó yí sítíárìn. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ ka àkókò eré lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí pápá fún ará ìlú, wọ́n á sì wọn ariwo mọ́tò yín, nítorí náà ẹ béèrè iye dB tí wọ́n gbà kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbé ìkọ́ ìwọ́kọ̀ dání, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Kí epo má dín sí ìdá mẹ́rin táǹkì, torí ẹ́ńjìnnì lè máa wúkọ́ nínú kọ́ọ̀nà gígùn. Ìṣẹ́jú 15 tó fún ìjáde kan. Ní ìyípo tó kẹ́yìn nínú ìjáde yẹn, ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì tí kò bá pọn dandan. Bí ẹ bá dúró, ẹ má fa háńbíréèkì, ẹ fi gíà dì í mú, torí pádì gbígbóná máa lẹ̀ mọ́ dísíkì. Lẹ́yìn ìjáde àkọ́kọ́, ẹ tún nọ́ọ̀tì wíìlì fún ní 110 Nm.

Ẹ sọ gbogbo àtúnṣe fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò yín, roll bar pẹ̀lú. Ìbánigbófò ti títì kì í sábà bo pápá. Ẹ ra ti ọjọ́ kan lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní Nàìjíríà, òfin ibẹ̀ kò gba sítíárìn ọwọ́ ọ̀tún, nítorí náà èyí tó wá láti Amẹ́ríkà ni kó rà, Miata ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Kó fi ṣọ́kì sílẹ̀ ní gíga tí wọ́n ṣe é, kó sì fi owó yẹn ra rédíétọ̀.