Apá òsì ìhà keje: àgbéyẹ̀wò páálí àwòṣe ọkọ̀ ojú omi Baby Bootlegger

Mílímítà 2 péré ni. Nínú gbogbo pákó ìhà tó gbé ara ọkọ̀ kékeré tí mò ń fi igi inú páálí yìí kàn ró, apá òsì ìkeje relẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ, mi ò sì rí i títí mo fi lẹ pátákó 11 mọ́ ọn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjìji ń yọ́ bọ̀ lára igi, ó ṣàdédé já sí kòtò. Mi ò lè jẹun.

Ẹni tó mọ ojúlówó ọkọ̀ eré ìje orí omi yìí á mọ ìdí. George Crouch ló ya àwòrán rẹ̀, ọgbà ìkan-ọkọ̀ Henry Nevins ní City Island, New York, kàn án ní 1924, Caleb Bragg sì fi gba Gold Cup, ife-ẹ̀yẹ eré ìje ọkọ̀ ojú omi, lọ́dún náà àti ní 1925. Èmi ò tiẹ̀ tìtorí eré fẹ́ràn rẹ̀, èjìká rẹ̀ ni. Kò sí igun níbi tí òkè ọkọ̀ ti pàdé ẹ̀gbẹ́. Ó ká wálẹ̀ roboto bí ẹ̀yìn ẹja. Bí èjìká yẹn bá ti bàjẹ́, kí lẹ tún ń kàn?

Mo pe iléeṣẹ́ tó ṣe páálí náà. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Igi máa ń súnkì, sà. Ẹ fi sánpépà fá a." Sánpépà ń gé ohun tó yọ ni, kì í dí kòtò! Ó ní bóyá ọwọ́ mi ni. Ó lóun á pè mí padà. Ọjọ́ 9 kọjá, kò pè.

Màmá kan ló gbé ìpè kejì. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ fi rúlà lé e, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi." Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi pè mí: "Àwa la gé e kù, ẹ má bínú." Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Wọn ò gbé fóònù sílẹ̀ bí mo ṣe ń tú u: "Ẹ ki aṣọ bọ omi gbígbóná, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tí pátákó méjì ti pàdé. Ẹ má fà á o, gúlúù funfun á rọ̀ fúnra rẹ̀." Pátákó 9 jáde láìfọ́. Ìhà tuntun dé, pẹ̀lú pátákó ọ̀gànwó 6 tí mi ò bèèrè, tí wọ́n ti fi àwọ̀ wọn wé fọ́tò mi.

Igi inú páálí dára, ó ń tẹ̀ láìsán. Ìwé ìlànà ò wúlò. Àwòrán ńlá ni kí ẹ máa wò. Fánìṣì ìkẹjọ gbẹ lánàá. Mo gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òjìji yọ́ láti iwájú dé ìdí, kò kọsẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó kúrò níbẹ̀.

Mo bi màmá náà bóyá wọ́n ti kó àwọn páálí yòókù kúrò lórí àtẹ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní rárá, wọ́n ṣì ń tà wọ́n bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ wọn ìhà keje.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.